Ọjọ́ Ìdágbére Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn

Ilẹ̀ Sátidé náà kò tíì mọ́ tán tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ nídìí ààrò. Itan ẹtu gbígbẹ kan ló dá a sílẹ̀. Ògúndèjì ọdẹ ló fi itan náà ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà Àmọ̀kẹ́, nítorí Ọdẹ́bọ̀dé ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dẹ̀gbẹ́ kó tó kú. Bọ́sẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti so ó rọ̀ sókè ààrò de ọjọ́ àlejò. Àfi bí Àmọ̀kẹ́ ṣe gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè tó fi tọ́ka sí i.

"Ìyàwó, bá mi sọ ẹran yẹn kalẹ̀. Kí o sì se iṣu tí a máa gún. Ajá mi yóò jẹun kó tó lọ."

Bọ́sẹ̀ ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Iyán, Ìyá? Fún ajá? Nínú ọdún tí àwa èèyàn ń tò gbọọrọ nítorí ọṣẹ àti ṣúgà, tí sójà ń na kòbókò sí wa lẹ́yìn lórí ìlà?"

"Ṣé ẹnu rẹ ló fẹ́ fi jẹ ẹ́ ni? Ajá yìí ló pa ẹran tí a ń tà títí ọkọ rẹ fi di tíṣà. Mi ò ní fi ẹ̀kọ àná rán an lọ."

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ o! Èmi tí mo jẹ́ èèyàn, ìgbà wo ni mo jẹ ẹran ẹtu gbẹ̀yìn?"

Olúkúnlé ọkọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, pákò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà ni, kì í fẹ́ ariwo. "Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ará ìta gbọ́."

Ará ìta wo ni kò tíì gbọ́? Gbogbo Ìsàlẹ̀ Àpáta ló ti gbọ́ pé wọn yóò pa ajá arúgbó náà lónìí. Àwọn gan-an ló pàṣẹ ẹ̀.

Igi tútù ni wọ́n dá sínú ààrò, kò fẹ́ gbiná. Bọ́sẹ̀ fa ìgò kan yọ lẹ́yìn ìkòkò omi, ó ta kẹrosíìnì sórí igi, iná sì sọ lálá. Olúkúnlé wò ó.

"Ìyá Ṣọlá, níbo lo ti rí kẹrosíìnì? Gbogbo Ṣakí ni kò rí i rà."

"Ọ̀gá wa ló bù ú fún wa níbi iṣẹ́."

"Èyí tí wọ́n ń gbé wá fún fíríìjì abẹ́rẹ́?"

Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò, ó ń fẹ́ iná tó ti jó tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ ẹ títí èéfín fi fa omi sí i lójú. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò náà. Fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé sí níbẹ̀, láti ìgbà tí òjò ti dá ni kẹrosíìnì kò ti kan ikùn rẹ̀, kò sì mú nǹkan tutù mọ́. Bàtà ni ọ̀gá ń kó sínú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá mọ̀ ń lọ pẹ̀lú ìgò tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ojú rí, ẹnu dákẹ́. Nígbà tí èéyi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọmọdé ìlú, Bọ́sẹ̀ di ẹrù Ṣọlá ọmọ rẹ̀, ó gbé e lọ fún ìyá tó bí i ní Ìsẹ́yìn.

Ẹlòmíràn kò ní Ìsẹ́yìn tí yóò gbé ọmọ tirẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìyápọ̀ aládùúgbò wọn, Dúróríkẹ́, kò tíì já lẹ́nu ọmú tí èéyi fi pa á ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé. Mọ́ládé, ìyàwó Ìyápọ̀ tó bí i, ti sin ọmọ méjì ṣáájú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ èyí ní Dúróríkẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ́dọ̀ wa, ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sunkún síta. Wọ́n á ní kó pa ẹnu mọ́, kí èyí tó ń bọ̀ má baà gbọ́ kó yà. Wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mọ́ládé gbọ́ tiwọn. Kò sunkún. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń kí èèyàn. Ọ̀já tó fi ń pọn ọmọ ló fi di ọmú rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí wàrà tó ń dà, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń yìn ín pé ó gbọ́n, ó gboyà.

Àfi igbe yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ìsìnkú ló bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀ tán tí ojú ọ̀run sì pọ́n díẹ̀, igbe kan á hó láàrin ilé Àmọ̀kẹ́ àti ti Ìyápọ̀. Ó máa ń gùn, ó máa ń tinrín, á lọ sókè, á já lójijì. Kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Àwọn adìyẹ tó ń wá ibi sùn á dúró sójú kan. Àwọn ìyá á fa ọmọ wọlé, wọ́n á ti fèrèsé bó ti wù kí ooru mú tó. Ẹni tó bá sì láyà tó yọjú wo ẹ̀yìnkùnlé, ohun kan náà ló ń rí: ajá Àmọ̀kẹ́ ló jókòó sí ibi tí ògiri ti wó láàrin àgbàlá méjèèjì, tó kọjú sí ilé Ìyápọ̀, tó gbé ẹnu sókè. Kí tún ni ká máa wí? Ta ni kò mọ̀ pé ajá ń rí ohun tí èèyàn ò rí?

Bí wọ́n ṣe wá bá Olúkúnlé nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ojúọlápé olórí àwọn obìnrin àdúgbò ló ṣáájú wọn. Wọn ò fi bò. Bí oòrùn Sátidé bá wọ̀ tí ajá náà bá ṣì ń mí, òun àti ẹni tó ni ín ni yóò jọ kúrò ní Ìsàlẹ̀ Àpáta. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Ibo ni kó lọ?

Ajá ọdẹ kì í sì kú lọ́wọ́ ilé ọdẹ. Ọjọ́ tí Ọdẹ́bọ̀dé gbé e wálé lọ́mọ ajá ló ti fi irin kan ẹnu ajá, tó fi kan ẹnu tirẹ̀, tó sì búra pé ẹnikẹ́ni nínú ilé òun kò ní gbé igi lé e lórí. Onígbàgbọ́ ni Olúkúnlé, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, síbẹ̀ kò lè gbé kùmọ̀. Ó sáré lọ bá Festus, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gún màlúù àwọn Fúlàní lábẹ́rẹ́ ní ọ̀nà Kisi. Festus gbà láti wá.

Sátidé ìmọ́tótó ni ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn kí agogo mẹ́wàá tó lù. Gbogbo èèyàn wà lójúde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti àdá, wọ́n ń gbá, wọ́n ń ro, ẹnu sì ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ. Ajá náà sùn sẹ́nu ọ̀nà Àmọ̀kẹ́. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ti funfun. Ìdí rẹ̀ ti rọ, wíwọ́ ló ń wọ́ ọ bó bá fẹ́ lọ síbì kan. Egbò kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀ tí eṣinṣin kì í kúrò níbẹ̀, Àmọ̀kẹ́ jókòó tì í, ó ń fi ewé lé wọn.

"Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn," ó ń pè é jẹ́ẹ́. "Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn mi."

Ojúọlápé gbọ́, ó nà tantan pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é! Láti ìgbà tí mo ti wọ àdúgbò yìí ni wọ́n ti ń fi orúkọ ajá yẹn sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi."

"Ojúọlápé, kí o tó wọ àdúgbò yìí ni ajá yìí ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "Àbí ìwọ lọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn rẹ? Tìrẹ kì í dé ikùn, ẹnu ló ń gbà jáde."

Àwọn tó ń ro koríko bú sẹ́rìn-ín. Ojú Ojúọlápé le koko.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìyá, àwọn àgbà ló ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ẹ̀rín dá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó ti jáde síta.

Àmọ̀kẹ́ tún gbé ewé rẹ̀ sókè. Ó lé eṣinṣin kan. "O yí òwe po. Ọmọ ló kọ́kọ́ kú kí igbe tó dé. Àti pé ajá mi kì í gbó mọ́. Láti ìgbà òjò èṣí ni ohùn rẹ̀ ti lọ. Bí olè bá wọlé, ìrù ló ń jù sí i."

"Ohun tó ń ké nírọ̀lẹ́, ṣé ó di dandan kó gbó lójú gbogbo wa?" ni Ojúọlápé dáhùn, àwọn obìnrin sì mi orí pé òótọ́ ni. Arúgbó ń gbèjà ajá rẹ̀, kí ló tún kù.

Olúkúnlé dúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ó gbìyànjú láti rántí ìgbà tí òun gbọ́ kí ajá náà gbó gbẹ̀yìn. Ẹnì kan kọjá, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́," ó dáhùn, ìrònú náà sì bọ́ lọ lórí rẹ̀.

Ìgbà náà ni Mọ́ládé yọ láti ilé kejì. Ẹ̀kọ díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ewé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síwájú ajá, ó kúnlẹ̀, ó ń bu ẹ̀kọ náà sí i lẹ́nu, ajá sì ń lá ìka rẹ̀.

"Ìyá," ni ó wí fún Àmọ̀kẹ́, ohùn rẹ̀ há gan-an, ó dà bí ẹni tí òtútù mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

Mọ́ládé la ẹnu. Ṣùgbọ́n Ojúọlápé ti dé, ó ti gbá a lápá mú. "Ìwọ! Ṣé orí rẹ pé? Ohun tó pa ọmọ rẹ lò ń bọ́? Dìde! O ò rántí ohun tí a sọ fún ọ ni? Omi ló dànù—"

"Agbè ò fọ́," ni Mọ́ládé parí ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn kò dára lójú. Ó jẹ́ kí wọ́n fà á dìde, ó sì tẹ̀lé wọn lọ sílé. Iwájú bùbá rẹ̀ ti tutù fún wàrà.

Bọ́sẹ̀ rí gbogbo ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Òun ni Mọ́ládé bá lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó gbé Dúróríkẹ́ wá fún abẹ́rẹ́ èéyi, ara ọmọ náà sì le koko nígbà yẹn. Òun náà ló wí fún un pé, "Kò sí lónìí, ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà." Mọ́ládé padà wá. Ó tún padà wá. Bọ́sẹ̀ yíjú kúrò, ó wọlé lọ wo iṣu lórí iná, iṣu náà kò tíì jinná rárá.

Nígbà tí ìmọ́tótó parí, ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní yàrá Àmọ̀kẹ́, èyí kò sì ní ariwo.

"Bàbá Ṣọlá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè ṣe é kó tán," ni Bọ́sẹ̀ wí. "Bí ajá bá ti kú, ọ̀rọ̀ á parí. Kò sẹ́ni tí yóò tún máa bèèrè ohun tó pa ọmọ."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó gba ẹnu ọ̀nà wo ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi níta.

"Ọ̀rọ̀ á parí?" ni Àmọ̀kẹ́ wí láti orí ẹní rẹ̀. "Olúkúnlé, ìwọ tí o kàwé, jókòó kí n bi ọ́. Wọ́n ní ajá mi ló ń ké. Ó dáa. Bí wọ́n bá pa á lónìí, tí igbe náà sì dákẹ́ nírọ̀lẹ́, kí ni wọ́n máa wí?"

"Wọ́n á ní… wọ́n á ní ọ̀ràn ti tán, Ìyá."

"Wọ́n á ní àwọn ò parọ́. Wọ́n á ní ajá ló ń ké, ajá ló ń ṣọ́ òkú, èmi ni mo rán an. Ṣé ajá ló máa rojọ́ ìyẹn, àbí èmi?"

Olúkúnlé kò ronú dé ibẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Ó ti ń gbàdúrà láti àárọ̀ pé kí ìrọ̀lẹ́ parọ́rọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ká sọ fún Festus kó má wá mọ́?"

"Kó máa bọ̀. Ìyà ń jẹ ajá náà. Èmi ni mo ń jókòó tì í, mo mọ bó ṣe ń rora. Mi ò bá yín jà nítorí pé ó ń kú. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ kó fi kú ni mò ń bá wọn jà lé. Iṣẹ́ ló ṣe, ó gbó, ó rẹ̀ ẹ́. Kó kú bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gún iyán náà. Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gún un, kò tún ráhùn mọ́, ó sì bu itan ẹtu lé e lórí pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Àmọ̀kẹ́ gbé àwo náà síwájú Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn. Ajá gbóòórùn ẹran. Ó gbìyànjú láti dìde, ìdí rẹ̀ kọ̀. Ó lá omi ọbẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan iyán, kò fọwọ́ kan ẹran. Oúnjẹ náà tutù níbẹ̀. Nínú ọdún tí ebi ń pa gbogbo ayé yìí, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí alùpùpù Festus dún lójúde. Ìró ẹ̀ ti tó láti kó àdúgbò jọ. Wọ́n dúró sí ojú ọ̀nà, wọ́n gun orí ògiri, Ìyápọ̀ bàbá ọmọ náà dúró láàrin wọn, ó kó ọwọ́ lẹ́yìn. Mọ́ládé kò jáde, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wọn ṣí díẹ̀.

Festus fa abẹ́rẹ́ yọ, èyí tí wọ́n fi ń gún màlúù, ó tóbi ju ìyẹn tí a mọ̀ lọ. Ó fa oògùn sí i. "Oògùn oorun ni, Ìyá," ó wí pẹ̀lẹ́. "Yóò sùn lọ ni. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí n tó ṣe é."

Àmọ̀kẹ́ ti gbé ẹ̀wù ọdẹ ọkọ rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì gbé ajá lé e lórí. Ó kúnlẹ̀ tì í. Eékún rẹ̀ méjèèjì ró. Ó fi ọwọ́ lé e lórí.

"Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn, ọmọ Ọdẹ́bọ̀dé. O ṣeun. O wọ igbó fún wa nígbà tí kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́. O mú ẹran wálé nígbà tí a ò ní nǹkan. Gbogbo àwọn tó dúró yìí ló jẹ nínú ẹ̀, ọ̀kan ò sì wá dúpẹ́, èmi ń bá wọn dúpẹ́. Ó dàárọ̀ o. Ó dojú àlá. Bí o bá dé ọ̀hún, má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o bá wọn jẹ."

Ariwo sọ lójúde. "Ẹ gbà mí o!" ni Ojúọlápé pariwo. "Ìdágbére èèyàn lẹ fi ń kí ajá! Èyí tí a kò ṣe fún ọmọ tó kú, ẹ̀ ń ṣe é fún ẹranko!"

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é fún ọmọ?" ni Àmọ̀kẹ́ bi í.

Lẹ́yìn ilé Ìyápọ̀, ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ pa dé.

Festus gún abẹ́rẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ yẹn dunni. Ajá la ẹnu gbàgà, ọrùn rẹ̀ nà, gbogbo wọn sì di etí. Kò sí ohùn kankan. Èémí lásán ló jáde, fùú, bí ìgbà tí a bá fẹ́ eérú.

"Kò tiẹ̀ ké," ni Festus wí, ó yà á lẹ́nu.

"Mo ti ń wí i láti àárọ̀," ni Àmọ̀kẹ́ dáhùn.

Ó fọwọ́ pa á lórí títí ìhà rẹ̀ fi dẹ́kun mímí. Lẹ́yìn náà ló ká ẹ̀wù bò ó lójú, ó sì sunkún síta, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Olúkúnlé náà sunkún. Àwọn kan lórí ògiri rọra sọ̀ kalẹ̀, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò gbé ojú sí. Olúkúnlé àti Festus ló gbẹ́ ilẹ̀ nídìí igi irú lẹ́yìnkùnlé, wọ́n sin ín, wọ́n yí òkúta lé e. Festus gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Àwọn èèyàn kò lọ. Oòrùn ń wọ̀, wọ́n ń dúró.

"Ní báyìí, a ó mọ̀," ni Ojúọlápé wí. "Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹni tó ni igbe ti hàn. A ó sì mọ bí a ti ń bá ẹni tó rán ajá ṣe."

Agbo màlúù kan kọjá lọ sílé, eruku wọn dúró lójú ọ̀nà kò fẹ́ lọ. Wọ́n pe ìrun mọ̀gàríbì lókèèrè, ìpè náà sì tán. Adìyẹ gun ìdábùú. Òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilé, Bọ́sẹ̀ sì gbé àtùpà jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bu kẹrosíìnì sí i. Ó mú ìṣáná dání, kò ṣá a. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Àpáta pa rọ́rọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Olúkúnlé ń bẹ Ọlọ́run kí ohun búburú ké. Ìdákẹ́ náà gùn. Àwọn kan ti ń yíjú wo Àmọ̀kẹ́ tó jókòó sórí àpótí, ojú tí wọ́n fi ń wò ó sì ti yàtọ̀.

Igbe náà sọ.

Ó gùn, ó tinrín, ó lọ sókè. Ibi tó ti máa ń wá ló ti wá. Ẹnì kan pariwo pé, "Òkú ajá!" ó sì sá. Ojúọlápé fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Olúkúnlé sáré dé ìdí igi irú: òkúta wà níbi tí wọ́n gbé e sí, ilẹ̀ kò yẹ̀. Ibi tí ògiri ti wó sì ṣófo.

Igbe náà tún sọ, èyí kò já. Láti inú balùwẹ̀ tí wọ́n fi koríko yí ká lẹ́yìn ilé Ìyápọ̀ ló ti ń jáde, níbi tí Mọ́ládé ti ń wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Ìyápọ̀ dúró gbagidi. "Ó ní òun ń lọ wẹ̀ ni," ó wí. "Ojoojúmọ́ ló ń ní òun ń lọ wẹ̀."

Àmọ̀kẹ́ ti dìde. Ó gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, wọ́n sì yà fún un. Ó lọ sí ibi tí ògiri ti wó, ó rọra jókòó sílẹ̀, síbi tí ajá máa ń jókòó sí, ó kọjú sí balùwẹ̀.

"Mọ́ládé."

Igbe náà dá. Lẹ́yìn koríko, ohùn kan ní, "Ìyá."

"Máa sun ún, ọmọ mi. Èmi náà ti dé." Ó yíjú síbi tí wọ́n sin ọmọ náà sí. "Dúróríkẹ́, ọmọ Ìyápọ̀, ó dàárọ̀ o. Má jọ̀kùn, má jekòló."

Mọ́ládé wá sunkún. Ó di ẹkún èèyàn, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ń ka ohun tí ọmọ náà máa ń ṣe àti bó ṣe máa ń fà á nírun. Ojúọlápé la ẹnu láti sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, ó sì tún pa á dé. Ìyápọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, Mọ́ládé jáde nínú koríko. Ara rẹ̀ gbẹ, kò da omi kankan sára. Ó wá sí ibi ògiri, ó sì rí Bọ́sẹ̀ tó dúró lẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀, àtùpà tí wọn kò tàn lọ́wọ́ kan, ìṣáná lọ́wọ́ kejì.

"Ìyá Ṣọlá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ni Mọ́ládé wí. Kò bínú, kò gbé ohùn sókè. "Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà. Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ti dé?"

Bọ́sẹ̀ la ẹnu. Gbogbo wọn dúró láti gbọ́ ohun tí yóò wí, kò sì sí ohùn kankan.